Tábìlì Ẹnu Ọ̀nà

Ọlátúbọ̀sún, akọ̀wé kóòtù tó ti fẹ̀yìn tì, ló fọwọ́ ara rẹ̀ fi okùn wọn yàrá ìkàwé rẹ̀ l'Adó-Èkìtì. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló ní kí wọ́n ṣe sí i, ó sì gbé tábìlì tirẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà gan-an, kí àwọn ọ̀dọ́kùnrin mẹ́rin tó ń kọ́ lófin má lè wọlé láìbá a sọ̀rọ̀. Ọgbọ́n ńlá ni, lójú ara rẹ̀. Láràárọ̀ ni wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú tábìlì.

"Ṣé ẹ̀kọ́ àná yé yín?"

"Ó yé wa, sà."

Inú rẹ̀ a dùn. Ó wá ku ọjọ́ mẹ́ta kí ajẹ́lẹ̀ ìjọba òyìnbó dán wọn wò. Ẹni tó bá yege ni yóò di akọ̀wé kóòtù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó wọ yàrá lọ mú ìwé kan. Háà! Kò séèyàn. Eruku ti bo bẹ́ǹṣì, ipa ẹsẹ̀ sì kún ojú fèrèsé. Àwọn ọmọ tó rò pé òun há mọ́lé ti gba fèrèsé lọ!

Ó yí sẹ́yìn ilé. Abẹ́ igi obì ló bá wọn, tí Ajíbádé, èyí tó já fáfá jù, ń kọ́ àwọn yòókù: "Bí olùpẹ̀jọ́ ò bá yọjú, ẹni tó pè lẹ́jọ́ jẹ̀bi." Òdìkejì òfin gan-an, wọ́n sì ń kọ ọ́ sílẹ̀!

Bàbá yọ sí wọn: "Ajíbádé! Kí ló dé tẹ́ ẹ ò bi mí?"

Ni gbogbo wọn bá dọ̀bálẹ̀. "Sà," Ajíbádé wí láti ilẹ̀, "àwa tí àyà wa wà nílẹ̀, báwo la ó ṣe wí f'ágbà pé ùwé ò yé wa?"

Ọ̀rọ̀ náà bá a níbi tó dùn ún. Oníbodè ló fi ara rẹ̀ ṣe, kò sì mọ̀. Ó jókòó sórí gbòǹgbò igi, láàárín wọn.

"Èmi náà bẹ̀rù láti bi ọ̀gá mi. Òfin òdì tó o fi ń kọ́ wọn yẹn gan-an ni mo sọ fáwọn adájọ́ lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wọ́n ti ọkùnrin ará Ìgèdè kan mọ́lé fọ́jọ́ mẹ́sàn-án, kí olùpẹ̀jọ́ tó wá jẹ́wọ́ pé irọ́ lòun pa."

Ẹnu yà wọ́n. Bàbá Akọ̀wé, tí wọ́n rò pé kò ṣìṣe rí! Ajíbádé wá bi í ní ìbéèrè àkọ́kọ́ láti oṣù mẹ́ta tó ti ń kọ́ wọn.

"Ṣé ọkùnrin náà ṣì wà láyé, sà?"

"Ó wà. Mo máa ń rí i l'Ọ́jà Ọba. Òun ló máa ń kọ́kọ́ kí mi."