Àtàǹpàkò Lẹ́yìn Ọrun

Ẹ má bá mi wá àwáwí. Gbogbo ẹbí ló ń sọ pé àmúwá Ọlọ́run ni, wọ́n á sì máa rẹ̀ mí lẹ́kún. Àmúwá Ọlọ́run kọ́, ẹnu mi ni.

Bàbá mi ń gbẹ́ ọrun, ọrun gígùn tó ga ju ẹni tó máa fà á lọ. Odidi igi kan ni, kò sí irin, kò sí ìṣó. Inú igi ní ìlà, ọdún kan, ìlà kan. Ẹ̀yìn ọrun, ìyẹn apá tó kọjú síwájú nígbà téèyàn bá fà á, gbọ́dọ̀ wà lórí ìlà kan ṣoṣo láti òkè délẹ̀. Bí ọ̀bẹ bá gé ìlà yẹn kọjá, bó tiẹ̀ kéré bí èékánná, ibẹ̀ ló máa ti kán.

Nítorí bẹ́ẹ̀, nílé wa, ẹni tó gbẹ́ ọrun kì í dá a yẹ̀ wò. Ẹlòmíì á dijú, á fi àtàǹpàkò wọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ dópin, á wá sọ pé, "Ó pé." Bí kò bá sọ bẹ́ẹ̀, wọn ò ní so ọsán, ìyẹn okùn rẹ̀, mọ́ ọn. Màmá ló ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Nígbà tí Màmá kú, ó kàn mí.

Àtọ̀gbẹ ti pa ìka Bàbá. Wọn ò mọ̀ bóyá nǹkan gbóná tàbí ó tutù. Èmi ni mò ń bá wọn de bọ́tìnnì ẹ̀wù láràárọ̀. Síbẹ̀ wọ́n ní àwọn máa gbẹ́ ọ̀kan sí i fún àbúrò mi ọkùnrin, tí a ń pè ní Apágígùn, torí ó fẹ́ lọ díje níbi ọfà títa. A ní kí wọ́n sinmi.

"Bí ọsán bá já, ọrun á di ọ̀pá," wọ́n ní. "Ṣé ọ̀pá lẹ fẹ́ kí n dà?"

Oṣù méje ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ. Ọjọ́ tó parí, wọ́n gbé e lé mi lórí itan. "Ó yá, ìwọ eléèékánná, má fi ha igi mi o." Mo rẹ́rìn-ín, mo dijú. Àtàǹpàkò mi ń lọ geere. Bó ṣe kọjá ibi ìdìmú díẹ̀, ó jìn wọnú. Ọ̀bẹ ti gé ìlà kọjá.

Mo lajú. Bàbá ń wò mí. Wọ́n ti ki ìka wọn bọ abíyá bí ẹni tó jalè. Ha! Àánú wọn ṣe mí débi pé inú bí mi.

"Ó pé," mo ní.

Bàbá sunkún. Mo sọ fún ara mi pé bí wọ́n bá ń tẹ̀ ẹ́ wò lára ògiri kí ẹnikẹ́ni tó fà á, ó máa kán níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa fara pa. Kò kán. Igi burúkú, ó dúró dè wá.

Ìgbà kẹta tí Apágígùn fà á ló kán. Èérún rẹ̀ wọ̀ ọ́ lójú ọ̀tún, èyí tó fi ń wo ọ̀kánkán bó bá fẹ́ tafà. Dókítà ní ojú náà ti lọ.

Ní ọsibítù, ó di ọwọ́ mi mú. "Ẹ̀gbọ́n mi, ọwọ́ tèmi náà kan nǹkan níbẹ̀. Mo fẹ́ sọ, àmọ́ ẹ ti ní ó pé. Mo rò pé ọwọ́ tèmi ló ṣì í." Kò bá mi jà. Ká ní ó tiẹ̀ bú mi ni!

Mo padà sílé. Mo bá Bàbá níbi iṣẹ́, igi tuntun wà níwájú wọn.

"Igi yẹn ló dà wá," wọ́n ní. "Màá gbẹ́ òmíì fún un. Ìwọ náà lo máa yẹ̀ ẹ́ wò."

"Bàbá, ẹ gbé ọ̀bẹ yẹn sílẹ̀. Igi kọ́ ló dà wá. Ìlà rẹ̀ ti gé lọ́jọ́ tẹ́ ẹ gbé e lé mi lórí itan."

Wọ́n wo ìka wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n wá wò mí.

"O mọ̀?"

"Mo mọ̀, Bàbá."

Wọ́n gbé ọ̀bẹ náà fún mi, wọ́n wọlé.

Ó ti pé oṣù mẹ́rin. Láràárọ̀, wọ́n á jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á máa bá bọ́tìnnì jà títí oòrùn á fi ga. Èmi á dúró lẹ́nu ọ̀nà. Wọn ò pè mí.