Ọwọ́ Màmúdù

Ní Oníyanrìn, lọ́dún díẹ̀ lẹ́yìn tí ọkọ̀ ojú irin kọ́kọ́ wọ Ìbàdàn, àlùfáà Àgùdà kan wà tí wọ́n ń pè ní Fadá Odi. Gáspà lorúkọ rẹ̀, kì í sì í ṣe odi. Louisa, àbúrò rẹ̀ obìnrin ní ilẹ̀ Faransé, ni kò gbọ́ràn láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, láti kékeré sì ni àwọn méjèèjì ti ń fi ọwọ́ bára wọn sọ̀rọ̀. Nígbà tí Fadá rí bí wọ́n ṣe ń fi àwọn adití pamọ́ sẹ́yìn agbo ilé n'Íbàdàn, tí ọmọdé ń sọ wọ́n lókò, tí àgbà ń pè wọ́n ní aláìnírònú, ó ṣí yàrá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìsìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn ní èdè ọwọ́.

Màmúdù, alágbẹ̀dẹ Bẹ́yẹrúnkà, ló kọ́kọ́ wá. Ìmàle ni, Fadá kò sì sọ pé kó yí padà. Màmúdù ti tó baba ọmọ kó tó bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè láyé rẹ̀. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó fi ọwọ́ bi Fadá ni pé, "Níbo ni bàbá mi lọ?" Bàbá rẹ̀ ti bógun lọ nígbà tó wà lọ́mọdé, kò sì sẹ́ni tó mọ bí a ti í sọ fún un pé ó ti kú. Ọjọ́ náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣọ̀fọ̀.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Sẹ̀gilọlá dé, ọmọge kan láti Àrẹ̀mọ, adití bíi tirẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, Sẹ̀gilọlá gbé ọkọ́ bàbá rẹ̀ lọ sí ilé àgbẹ̀dẹ Màmúdù pé kó bá wọn tún un ṣe. Àkíbù, ọmọ ọlọ́lá kan ládùúgbò, wọ́ ọ wọ inú àhéré tí wọ́n ń kó èédú sí. Ó ké, ṣùgbọ́n òjò bo igbe rẹ̀, ẹni tó sì sún mọ́ ọn jù kò lè gbọ́. Èédú ni Màmúdù fẹ́ bù tó fi ṣílẹ̀kùn bá wọn. Ọmọ owú, òòlù alágbẹ̀dẹ, wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó là á mọ́ Àkíbù lórí. Ọmọbìnrin náà sá jáde, kò sẹ́ni tó rí i. Ohun tí ará àdúgbò bá ni òkú, àti odi kan tó dúró tì í.

Fadá lọ bá a lẹ́wọ̀n. Màmúdù fọwọ́ ro gbogbo rẹ̀ fún un. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ má dárúkọ ọmọ náà. Bí wọ́n bá gbọ́, ayé rẹ̀ bàjẹ́. Èmi ni mo pa á, ẹ sọ ìyẹn nìkan."

Fadá bẹ̀ ẹ́ títí. Kò gbà.

Ní kóòtù, adájọ́ òyìnbó mú kí Fadá búra pé ohun tí odi náà bá sọ nìkan ni òun yóò túmọ̀, òun kò ní fi kún un.

"Ṣé ìwọ lo pa Àkíbù?"

"Èmi ni," ni ọwọ́ Màmúdù wí, Fadá sì sọ ọ́ síta.

"Kí ni Àkíbù ṣe tí o fi pa á?"

Màmúdù wo Fadá lójú. Ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ abíyá.

"Kò fèsì," ni Fadá wí. Ṣùgbọ́n kò lè dákẹ́. "Olúwa mi, ńṣe ni Àkíbù ń fipá bá ọmọbìnrin kan lò!"

"Ṣé ẹlẹ́wọ̀n ló sọ bẹ́ẹ̀ níbí?"

"Ó sọ ọ́ fún mi lẹ́wọ̀n."

"Níbí ni mo wí."

"Rárá, Olúwa mi."

"Ta ni ọmọbìnrin náà?"

Fadá dárúkọ Sẹ̀gilọlá.

Ariwo ta. Màmúdù kò gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ó rí Yésúfù, bàbá ọmọ náà, tó dìde láàárín èrò, tó fi agbádá bojú, tó ń bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó yé e.

Kí akódà tí kóòtù rán lọ pe Sẹ̀gilọlá tó dé Àrẹ̀mọ, Yésúfù ti mú ọmọ rẹ̀ lọ sóko. Wọ́n wá a tì. Kò sí ẹlẹ́rìí, adájọ́ sì dájọ́ ikú.

Láàárọ̀ tí wọ́n fẹ́ yẹgi fún Màmúdù, Fadá wọlé tọ̀ ọ́. Màmúdù kọjú sí ògiri. Bí adití bá ti kọjú sí ògiri, ó ti di etí rẹ̀ nìyẹn. Ìgbà tí wọ́n dé láti mú un ló tó yíjú padà.

"Ọwọ́ mi ni mo fi lé yín lọ́wọ́," ló wí. "Ẹ tà á."

Lẹ́yìn ìyẹn, yàrá Oníyanrìn ṣófo. Àwọn ẹbí Àkíbù ń ju òkò sórí òrùlé, àwọn tó ní ọmọ adití sì ní ẹni tó tú àṣírí ọmọ ọlọ́mọ kò ní rí tàwọn tú.

Nígbà tí wọ́n ṣe àdúrà fìdáù fún Màmúdù tán, Kúlúsúmù, ìyá Màmúdù, wá. Kò jókòó.

"Fadá, ẹ̀yin lẹ bá ọmọ mi sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Kí ló wí?"

Irọ́ wà lẹ́nu Fadá. Ó gbé e mì. "Ó ní mo da òun."

"Ṣé ẹ dà á?"

"Mo dà á, Ìyá. Mo rò pé mo lè gbà á sílẹ̀ ni."

"Èmi tí mo bí i, mi ò bá a sọ̀rọ̀ rí. Ṣé ó tilẹ̀ ń dárúkọ mi?"

"Orúkọ kan wà tó fi ń pè yín."

"Ẹ pè é kí n rí i."

Fadá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó fà á wálẹ̀ wẹ́rẹ́, bí ẹni ń nu èédú kúrò lójú ọmọ. Kúlúsúmù wò ó. Ó gbọ́wọ́ tirẹ̀ sókè, ó ṣe é. Ó tún un ṣe, ó yíjú, ó lọ láìdágbére.

Sẹ̀gilọlá kò padà sí Àrẹ̀mọ mọ́. Wọ́n fi í fún arúgbó àgbẹ̀ kan lóko, kò sì sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ tó gbọ́ èdè ọwọ́. Fadá Gáspà kò kúrò ní Oníyanrìn títí àjàkálẹ̀ àrùn lùkúlùkú fi pa á. Àwọn adití díẹ̀ padà wá sọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà tó yá, ó sì kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ìgbà tí kóòtù tún ránṣẹ́ pè é nítorí odi mìíràn, ó kọ̀, kò lọ. Wọ́n dá ẹjọ́ ọkùnrin náà láìsí ẹni tó gbọ́ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń wí.