Òfin Kẹrin

“Èmi Ọláògún ni mo fọwọ́ ara mi kọ òfin kẹrin! Kí ẹnikẹ́ni bá mi wá ihò lára rẹ̀!”

Akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ní Obiagu, lẹ́yìn odi, lu tábìlì gbàgà. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1966 ni. Moríyọ̀ alágbàfọ̀ ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Owó abẹ́rẹ́ ló wá tọrọ fún ọkọ rẹ̀ tí ikọ́ ife dá dùbúlẹ̀.

“Ìyá Kọ́lá, ẹ dìde. Òkú nìkan ni ẹgbẹ́ ń náwó lé lórí. Bí a bá fi àìsàn kún un, gbogbo ilé yìí ni yóò máa wúkọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀!”

Àwọn ará ìpàdé bú sẹ́rìn-ín.

Lóṣù kejì, ọkọ Moríyọ̀ kú. Ẹgbẹ́ pa màlúù, wọ́n háyà lọ́ọ̀rì, wọ́n gbé e lọ sin sí Ọ̀yọ́ tìlù-tìfọn.

Kí òjò ọdún náà tó dá, ikọ́ ife mọ̀nà ilé Ọláògún. Dókítà ní ọ̀fẹ́ ni oògùn. Ẹni tó ń gún abẹ́rẹ́ kò gbọ́ ìyẹn: ṣílè kan lójoojúmọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, abẹ́rẹ́ ti tán. Oṣù mẹ́ta gbáko! Ọ́fíìsì Ọláògún gé owó oṣù rẹ̀ sí ìdajì nítorí àìsàn. Ọládùnní ìyàwó rẹ̀ ta ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ta bẹ́ẹ̀dì. Bí kò ṣe sí ohun títà mọ́, abẹ́rẹ́ dúró. Ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bá ikọ́ jáde.

Lọ́jọ́ ìpàdé, ibi tí Moríyọ̀ kúnlẹ̀ sí gan-an ni Ọláògún wà, agbádá ti tóbi jù ú lọ.

“Alága, àádọ́rin pọ́n-ùn wà lápò ẹgbẹ́. Márùn-ún péré ni mo tọrọ.”

Alága Festus wolẹ̀. “Akọ̀wé, òfin kẹrin ńkọ́?”

“Ó dáa. Ẹ fi lọ́ọ̀rì gbé mi lọ bá ẹ̀gbọ́n mi ní Ọ̀yọ́. Láàyè.”

“Lọ́ọ̀rì òkú ni. Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.”

“Ṣé kó kọ́kọ́ kú ni?” Ọládùnní figbe ta.

Ẹnìkan wúkọ́ lẹ́yìn. Ó sáré fọwọ́ bo ẹnu, àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì sún àga.

Ọládùnní yíjú sí Moríyọ̀. “Ìyá Kọ́lá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa bẹ̀ wọ́n.”

Moríyọ̀ wo agbádá Ọláògún.

“Màlúù tí wọ́n pa fún ọkọ mi sanra,” ó wí.