Àkànmú Ní Ìbò Kan

Mo lá àlá kan lójú oorun ọ̀sán àná. Ẹ jókòó kí n rọ́ ọ fún yín kó tó sá mọ́ mi lọ́wọ́. Mo ti lá àlá púpọ̀ láyé mi, ṣùgbọ́n n ò lá irú èyí rí, àní ní ọdún tí ibà fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta dá mi dùbúlẹ̀.

Ẹ ṣáà mọ Àkànmú, ọmọ ọmọ mi tó wà ní Amẹ́ríkà. Bọ́ọ̀lù kan ló ń gbá níbẹ̀, bésíbọ́ọ̀lù ni wọ́n ń pè é. Ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù kékeré, ẹnì kejì á fi kùmọ̀ gbá a, á wá sáré bí ẹni tí oyin ń lé. Gbígbá ni ti Àkànmú. Ẹ̀wà tí mo máa ń ní kó fi igi lù lóko nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ ló fi kọ́ ọ. Lọ́dọọdún, àwọn òǹwòran a máa dìbò yan àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá jù nínú gbogbo ẹgbẹ́, bí ìgbà tí èèyàn bá ń ṣa iṣu tó dára jù láti inú àká oníkálùkù. Wọn ò yan Àkànmú rí. Lọ́dún yìí, ó kù díẹ̀ kó wọlé, ìbò sì máa parí lánàá kí oòrùn tó wọ̀. Láàárọ̀, Fadérera ọmọ mi gbé fóònù wá, ó ní, "Ìyá, ẹ tẹ orúkọ rẹ̀ níhìn-ín."

Mo ní, "Orúkọ wo ni wọ́n kọ síbẹ̀?"

"Morákinyọ̀ ni."

Mo gbé fóònù padà fún un. "Èmi ò mọ ẹni tó ń jẹ́ Morákinyọ̀."

Lọ́jọ́ tí a sọ ọmọ yẹn lórúkọ, àgbà méje ló fún un lórúkọ. Ọkọ mi pè é ní Oyèníran. Àlàájà tó múlé tì wá pè é ní Tìjání. Èmi ni mo pè é ní Àkànmú. Morákinyọ̀ ni ti Ìyá Ẹdẹ, ìyá tó bí ìyá rẹ̀. Nígbà tí nọ́ọ̀sì wá fẹ́ kọ orúkọ sínú ìwé ìbí lọ́sibítù, Ìyá Ẹdẹ ló wà nítòsí, èmi wà nílé, mò ń se ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún ọlọ́mọ. Bí tirẹ̀ ṣe wọ ìwé nìyẹn, ìwé náà ló sì bá ọmọ dé Amẹ́ríkà. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n rèé tí ọ̀rọ̀ yẹn ti há mi lọ́fun bí eegun ẹja.

Mo bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tíì pọ́n, mo sè é, mo jẹ ẹ́, mo fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ẹní. Àfi bí mo ṣe rí ọ́fíìsì ìdìbò tó ń léfòó lókè àgbàlá wa. Okùn tí mo ń sá aṣọ sí ni wọ́n fi so ó mọ́ igi ọsàn. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀, kó má baà fò lọ. Mo gun àkàbà lọ síbẹ̀, orúnkún ò sì dùn mí. Kùmọ̀ bésíbọ́ọ̀lù kan ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ó dé fìlà.

"Ẹ káàbọ̀, Màmá. Ẹ bọ́ bàtà o. Èmi ni ọmọ yín máa ń dì mú. Ọwọ́ rẹ̀ mà dẹ̀ o."

"Òrí ni. Èmi ni mo máa ń fi pa á lọ́wọ́."

"Ẹ ṣé gan-an ni. Ọwọ́ àwọn yòókù le bí èèpo igi."

Nínú ilé, ọ̀gá kan jókòó, ó so táì, ìwé ìbò yí i ká dé ọrùn. Ó bi mí pé ta ni mo wá bèèrè. Mo ní Àkànmú ni.

"Àkànmú ní ìbò kan."

"Kan péré?"

"Ẹ̀yin náà lẹ dì í. Ẹ wo ìka yín."

Mo wo àtàǹpàkò mi, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Ọ̀gá ní, "Morákinyọ̀ àti Bíìlì kan ni wọ́n jọ dọ́gba. Ẹyọ ìbò kan ló kù kí ọ̀kan borí. Oòrùn sì ti ń wọ̀."

Ó ṣí fèrèsé. Mo rí àwọn èèyàn tí wọ́n tò títí kọjá òkè Ìrágbìjí, funfun, dúdú, pupa, gbogbo wọn ń tẹ̀ka fún Morákinyọ̀. Ìyá òyìnbó arúgbó kan wà níwájú tí kò lè pe orúkọ náà, ó ń yí i lẹ́nu bí iṣu gbígbóná. Mo ní, "Kí lọmọ yìí ṣe fún yín?"

"Kò ṣe nǹkan kan. Mo kàn fẹ́ràn bó ṣe máa ń rẹ́rìn-ín tó bá gbá a ni."

Yorùbá ló sọ. N ò bi í níbi tó ti kọ́ ọ. Ojú ló ń tì mí. Ẹni tí kò pọn ọ́n rí tò síbẹ̀ nínú oòrùn, èmi tí mo tọ́ ọ dàgbà gbé fóònù padà.

Mo yíjú sí ọ̀gá. "Àkànmú àti Morákinyọ̀, ẹnì kan náà ni. Ẹ pa ìbò wọn pọ̀."

Ló bá bú sẹ́rìn-ín. "Ẹnì kan, orúkọ méjì! Ṣé olè ni?"

"Orúkọ méje ni. Ẹni tí inú ẹnikẹ́ni ò dùn sí bíbí rẹ̀ ló ń jẹ́ ẹyọ kan."

Ẹ̀rín rẹ̀ ò dáwọ́ dúró títí ó fi di "mẹ́ẹ̀ẹ̀". Irùngbọ̀n yọ, ìwo yọ, ó di ewúrẹ́ pẹ̀lú táì lọ́rùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ìwé ìbò. Ẹnu ò yà mí, mo ti dé ọ́fíìsì rí. Mo kàn ní, "Ọ̀gá, ẹ rọra, ìbò ọmọlọ́mọ ni."

"Ẹ mú ẹlẹ́rìí wá," ló fi ẹnu tó kún sọ.

Kọ́bọ́ọ̀dù bá ṣí, Ìyá Ẹdẹ jáde. "Ìyá Àkànmú, ẹ kú ilé o."

Láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ yẹn, kò pè mí ní nǹkan mìíràn rí. Òun ló wá láti Ẹdẹ nígbà tí sòbìyà dè mí mọ́lẹ̀, tó pọn ọmọ náà fún oṣù mẹ́rin gbáko. Orúkọ tí mo fún ọmọ ló ń jẹ́ lẹ́nu rẹ̀, èmi ò fi ti tirẹ̀ sẹ́nu rí.

Àkànmú ti wà lábẹ́ tábìlì látàárọ̀, géńdé ọkùnrin, ó wọ ẹ̀wù méje lórí ara wọn. À ń bọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, Ìyá Ẹdẹ fa apá kan, mo fa èkejì. Morákinyọ̀ ni wọ́n kọ sẹ́yìn èyí tó wà lókè pátápátá. Àkànmú ni èyí tó kan ara.

Ewúrẹ́ ní, "Ẹ̀rí pé. Màmá, ṣé ẹ mọ Morákinyọ̀?"

Mo ní, "Mo mọ̀ ọ́n. Ìyá yìí ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀." Mo sì tẹ̀ka. Okùn já, ọ́fíìsì fò lọ, mo jí.

Oòrùn ò tíì wọ̀. Oje ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló mú àtàǹpàkò mi dúdú. Ewúrẹ́ Àlàájà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń jẹ èèpo tí mo kó dà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo kí i pé, "Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́." Mo ké sí Fadérera pé kó gbé fóònù wá.

"Ṣebí ẹ ní ẹ ò mọ̀ ọ́n?"

"Mo ti mọ̀ ọ́n báyìí. Fi ibẹ̀ hàn mí."

Mo tẹ̀ ẹ́. Mo ní kó bá mi pe Ẹdẹ. Fóònù dún, dún, wọ́n gbé e.

"Ìyá Àkànmú, ẹ kú ilé o. Ṣé kò sí?"

"Kò sí o," ni mo wí. "Ìyá Morákinyọ̀, mo ní kí n dúpẹ́ ni."

Ìyá Ẹdẹ ní kí n tún orúkọ yẹn pè. Lẹ́nu ọ̀nà, ewúrẹ́ gbé èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó kẹ́yìn mì.