Owó Ibodè Ìyá Tuntun

Ládùúgbò wọn, ta ni kò mọ̀ pé Ìyá Tuntun kì í fojú rere wo àlòkù? Aránṣọ ni. Ó gbà pé aṣọ tí ẹlòmíràn ti wọ̀ sú, tí wọ́n wá dì ní bẹ́ẹ̀lì wọ̀lú, òun ló ń gba oúnjẹ lẹ́nu aránṣọ. Bí oníbàárà bá wá gba aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀, á nà án sókè, á ké e kí gbogbo òpópónà gbọ́, "Tuntun ni o." Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti lẹ̀ mọ́ ọn. Ohun tó wá ń pani lẹ́rìn-ín ni pé Alálòkù lọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, obìnrin tó ń ta aṣọ àlòkù ní ṣọ́ọ̀bù tó kángun sí tirẹ̀. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bú ara wọn, ojoojúmọ́ náà ni wọ́n sì ń jẹun pọ̀.

Nígbà tí ọmọbìnrin Ìyá Tuntun pè é láti òkè òkun pé òun ti fi maṣíìnì ìránṣọ ránṣẹ́, ọmọ náà kò wí ju pé, "Ó dáa gan-an, Màámi." Ìyá ló fi "tuntun" kún un fúnra rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, kò sí ṣọ́ọ̀bù tí kò tíì gbọ́.

"Ohun tó bá ti òkun bọ̀, èmi ni kí ẹ bi," Alálòkù wí. "A ó máa wò ó."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun ìyá ju bó ṣe yẹ lọ. Ọmọ kan ṣoṣo ló ní. Nígbà tí ọmọ ọ̀hún wà ní kékeré, ẹkún ló máa ń sun bí wọ́n bá ní kó wá ti òwú bọ abẹ́rẹ́. Ó ní òun ò ní ránṣọ láyé òun. Ó lọ kàwé lọ́hùn-ún, iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ ló fi ń sanwó ilé-ìwé. Ìyá bi í pé iṣẹ́ wo ni, ó ní, "Iṣẹ́ ọwọ́ ni, Màámi." Ìyá kò tún bèèrè mọ́, nítorí ẹ̀rù ń bà á kó má jẹ́ iṣẹ́ àbùkù. Ní báyìí ọmọ ti kàwé jáde. Bí ẹ̀bùn rẹ̀ bá jẹ́ tuntun lóòótọ́, a jẹ́ pé ìyà kò jẹ ẹ́ nílẹ̀ onílẹ̀.

Nígbà tí ẹrù náà gúnlẹ̀, wọ́n lọ gbà á. Ní ọ́fíìsì àwọn aṣọ́bodè, fáànù ń yí, kò fẹ́ atẹ́gùn. Àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì tò sórí ìlà títí ó fi kàn wọ́n. Ọkùnrin aṣọ́bodè tó dá wọn lóhùn ní ojú àánú.

"Màmá, mo mọ̀ pé ẹ̀bùn ni, ṣùgbọ́n iye owó rẹ̀ ju èyí tí a máa ń fi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lọ. Ẹ máa san owó ibodè. Bó bá jẹ́ àlòkù, owó rẹ̀ á fúyẹ́. Ṣé kí n kọ àlòkù?"

"Ọmọ mi kì í fi àlòkù ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀."

Alálòkù fi ìgúnpá gún un. "Jẹ́ kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ta ló fẹ́ mọ̀?"

"Èmi. Ọ̀gá, ẹ kọ tuntun. Mo mú owó ẹ̀ wá."

"Kí n tó kọ tuntun, mo gbọ́dọ̀ fojú rí i."

Ó la páálí náà, ó gbé ẹ̀rọ jáde. Ọ̀dà ti bó lára kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń fọwọ́ yí. Ibi tí abẹ́rẹ́ ń wọlé sí ti dán bí ìdí ìkòkò tí wọ́n ti ń fọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Alálòkù, tó yẹ kó rẹ́rìn-ín, wolẹ̀. Ojú ti ìyá débi pé etí rẹ̀ gbóná.

"Àlòkù ni, Màmá," ọkùnrin náà wí jẹ́jẹ́, ó mú bíírò.

Ìgbà yẹn ni ìyá rí àjákù aṣọ pupa tí wọ́n wé mọ́ ọrùn ẹ̀rọ náà láti máa gún píìnì sí. Nínú gbogbo aránṣọ tó wà nítòsí, òun nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n a sì máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó fọwọ́ kan kókó rẹ̀ lábẹ́. Bí òun ṣe ń so ó gan-an ni. Iṣẹ́ ọwọ́! Ọmọ tó ní òun ò ní ránṣọ láyé ti ránṣọ títí ọ̀dà fi bó lára irin. Ó fi kàwé jáde, ó nu ẹ̀rọ náà mọ́ tónítóní, ó dá a padà sọ́dọ̀ ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́ láìmọ̀. Inú ìyá dùn débi pé omi lé sí i lójú, kò sì bìkítà láti nù ún.

Ó gbórí sókè. Gbogbo àwọn tó wà lórí ìlà ló gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ kọ àlòkù. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà. Àmọ́ ẹ bi mí pé ta ló lò ó kù."

Aṣọ́bodè náà rẹ́rìn-ín. "Ta ló lò ó kù, Màmá?"

"Ọmọ mi ni."

"Ẹni bíni là á jọ," Alálòkù wí, ó sì ń fi etí ìró rẹ̀ nujú.

Ìyá san owó náà, ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lérí. Alálòkù ní kí òun bá a gbé e, ó kọ̀. Bí wọ́n ṣe wọ òpópónà wọn, àwọn aládùúgbò jáde síta láti wá wò ó. Kò dúró kí ẹnikẹ́ni bi òun léèrè.

"Àlòkù ni o," ó ké e.