Ohun Tí Ọmọ Aránbàtà Ń Kà

Ọjọ́ tí wọ́n ti ilé-ìwé pa nítorí àìsàn tó gba ìgboro, bàtà mẹ́rìnlá ló wà nílẹ̀ níwájú Aránbàtà, kò sì sí èyí tí kò mọ ẹni tó ni ín. Kì í kọ nǹkan kan sílẹ̀. Bí èèyàn bá gbé bàtà wá, á wò ó lẹ́ẹ̀kan, á gbọ́ ohun tó ṣe é, ó parí. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tí onítọ̀hún bá padà dé, Aránbàtà á kàn nawọ́ fa tiẹ̀ yọ láàárín ogún bàtà dúdú tó jọra bí ìbejì. Àwọn oníbàárà a máa ní, "Orí yín yìí, ìwé ni." Òun náà á rẹ́rìn-ín. Wọn ò mọ̀ pé ìwé gan-an ni ọkùnrin náà kò mọ̀.

Ìyàwó rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Olùtọ́jú ni obìnrin náà nílé àwọn arúgbó kan lápá kejì ìlú. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo ni tọkọtaya náà ti jọ fi ẹnu kò pé ọmọ kò gbọdọ̀ mọ̀. Ìyá ló ń lọ sípàdé òbí, ìyá ló ń yẹ káàdì èsì ìdánwò wò. Bí ọmọ bá gbé ìwé wá bá bàbá, bàbá á gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, á ní, "Ìyá mi, gọ́ọ̀mù ló wà lọ́wọ́ mi yìí. Gbé e fún màmá ẹ."

Nígbà tí àìsàn náà wá le, àwọn tó ni ilé arúgbó sọ pé òṣìṣẹ́ tó bá wà nínú kò gbọdọ̀ jáde mọ́, kó má baà lọ kó àrùn wọlé wá bá àwọn àgbà. Inú ni ìyàwó Aránbàtà wà lọ́jọ́ náà. Ó pè lórí fóònù.

"Bàbá ọmọ mi, ẹ fọkàn balẹ̀. Tíṣà á máa fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù yín. Ọmọ ti wà ní kíláàsì kẹrin, ó mọ̀wé kà. Ẹ ṣáà ní kó máa kà á sókè, kí ẹ sì jókòó tì í. Bí ẹ bá ti jókòó tì í, kò ní ṣeré."

Bó ṣe ṣe é nìyẹn. Láràárọ̀, tí fóònù bá ti dún, á nu ọwọ́, á fa àpótí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ, á ní, "Ó yá, ìyá mi." Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án náà á gbé fóònù sójú, á wúkọ́ díẹ̀, á sì bẹ̀rẹ̀: "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ kíláàsì kẹrin. Lónìí, ẹ ya àwòrán ilé yín, kí ẹ kun un dáadáa." Bàbá á tẹjú mọ́ fóònù náà bí ẹni tó ń bá a kà á lọ, á sì mirí. "O ṣe é. O ṣe é gan-an ni." Ọmọ á rẹ́rìn-ín músẹ́, á lọ wá pẹ́ńsùlù rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe é báyìí. Aránbàtà gan-an ti ń bọ̀wọ̀ fún ara rẹ̀. Ó ń sọ fún ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù pé àwọn ń ṣe dáadáa, pé ọmọ ń ka ìwé bí ẹni mu omi.

Ọjọ́ Ẹtì kan ni bàbá ọmọ kan tó wà ní kíláàsì ọmọ rẹ̀ gba iwájú ilé kọjá pẹ̀lú ṣágo omi lórí. Ó dúró lókèèrè, bí gbogbo èèyàn ṣe ń dúró nígbà náà, ó ní, "Mi ò rí yín lánàá o! Ṣé ẹ rán èèyàn wá gba ìwé ọmọ yín?"

"Ìwé wo?"

"Ìwé tí wọ́n pín níwájú géètì. Ọjọ́ kan péré ni wọ́n fi pín in, wọ́n ti kó ìyókù lọ. Ṣebí wọ́n fi ránṣẹ́ sórí fóònù gbogbo wa lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun."

Aránbàtà ní àwọn ti rí i. Ó ní àwọn ti gbà á. Ó dúró títí ọkùnrin náà fi yà ní kọ̀rọ̀ kó tó wọlé. Ó ti ilẹ̀kùn.

"Ìyá mi, mú fóònù wá. Ka ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun fún mi."

Ọmọ náà gbé e sójú. "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ kíláàsì kẹrin. Ẹ kọ́ ìlọ́po mẹ́fà sórí, kí ẹ..."

"Dúró. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, o ní wọ́n ní, 'Ẹ sinmi lọ́sẹ̀ yìí, ẹ ran àwọn òbí yín lọ́wọ́.' Mo tiẹ̀ fún ọ ní bàtà mẹ́rin kun. Ìlọ́po mẹ́fà kankan ò sí níbẹ̀. Tún un kà."

Ohùn ọmọ rẹlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ kíláàsì kẹrin. Ẹ ran àwọn òbí yín lọ́wọ́... kí ẹ ya..."

Ìgbà yìí, Aránbàtà kò wo fóònù mọ́. Ojú ọmọ ló ń wò. Ojú náà kò rìn. Ibì kan ṣoṣo ló dúró sí lórí gíláàsì fóònù náà, bí ojú tirẹ̀ gan-an ṣe máa ń dúró.

Kò lu ọmọ yìí rí láyé, ṣùgbọ́n kó tó mọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti lọ sókè. Ọmọ fi fóònù bo orí.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko lo fi ń parọ́ fún mi?"

"Kì í ṣe irọ́, Bàbá! Mo rò pé mo ti ń mọ̀ ọ́n ni!"

"Kí lo ti ń mọ̀?"

"Ìwé kíkà." Ó ti ń sunkún. "Ní kíláàsì, gbogbo wa la jọ máa ń kà á pọ̀, mo máa ń tẹ̀ lé ẹnu wọn. Bí wọ́n bá ní kí èmi nìkan dìde, ẹni tó jókòó tì mí ló ń sọ ọ́ sí mi létí. Bí ìdánwò bá dé, tirẹ̀ náà ni mo ń wò kọ. Ṣùgbọ́n nílé yìí, gbogbo ohun tí mo bá ṣáà ti sọ, ẹ̀ ń mirí. Ẹ ní mo ṣe é. Mo wá ní, àṣé ohun tó ń wá sí mi lọ́kàn yìí náà ni wọ́n ń pè ní ìwé kíkà."

Ọwọ́ bàbá wálẹ̀. Ó wá àpótí rẹ̀ kò rí i, ó bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, láàárín àwọn awọ tó ti gé.

"Ìyá mi, èmi náà ò mọ̀ ọ́n kà."

Ẹkún ọmọ dá wáí. "Rárá?"

"Rárá."

"Orúkọ yín ńkọ́?"

"Ìyẹn nìkan ni mo lè kọ. Àwòrán ni mo ń yà á."

Ọmọ náà wò ó títí, ó wá bú sẹ́kún tuntun, irú ẹkún tí ẹni tó sọnù lójú ọ̀nà máa ń sun. Bàbá kò mọ bí òun ṣe máa rẹ̀ ẹ́. Ó kàn ń fi ọwọ́ tó kún fún gọ́ọ̀mù gbá a mọ́ra.

Nọ́mbà tí iṣẹ́ tíṣà ń bá wá kì í gbé ìpè. Ó pè é nígbà mọ́kànlá. Ní aago mẹ́rin ọ̀sán, ó fi aṣọ bo imú, ó gun àtẹ̀gùn lọ sókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, níbi tí kò fẹ́ lọ rárá. Ìyá àgbà kan ń gbé níbẹ̀ tó ti fi ọgbọ̀n ọdún tẹ̀wé ní ọ́fíìsì; Màmá Taípù ni gbogbo ilé ń pè é. Láti bí ọdún kan ni kò ti dá Aránbàtà lóhùn bó bá kí i, kò sì yé Aránbàtà ohun tí òun ṣe fún un.

Màmá Taípù ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀. "Ẹ̀n-ẹ́n! Ẹ ti wá bẹ̀bẹ̀? Lẹ́tà mẹ́ta ni mo kọ sí yín! Mo fi ọwọ́ ara mi tì wọ́n sábẹ́ ilẹ̀kùn yín, pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kan hámà yẹn láago méjì sí mẹ́ta ọ̀sán, kí n lè sùn. Ńṣe lẹ tún ń kàn án mọ́ mi lórí!"

Aránbàtà rántí ìwé funfun mẹ́ta kan. Ó ti ká wọn kiribiti sínú imú bàtà àwọn èèyàn, kí imú bàtà má baà tẹ̀.

"Màmá, mi ò kà wọ́n. Mi ò mọ̀wé kà."

Màmá ṣí ilẹ̀kùn sí i díẹ̀. "Ọmọ yín ńkọ́?"

"Ohun tó gbé mi wá nìyẹn, Màmá."

Ó gbé fóònù sílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó sún sẹ́yìn. Màmá fi aṣọ nù ún dáadáa, ó fi awò sójú, ó sì ka gbogbo iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sókè látorí èkíní. Aránbàtà ń gbọ́ ọ bí ẹni tí wọ́n ń ka ẹ̀sùn sí lọ́rùn. Iṣẹ́ ìṣirò kan wà. Ìtàn kan wà tí wọ́n ní kí àwọn ọmọ parí. Èyí tó wà fún ọ̀sẹ̀ kejì sọ pé òbí tí ọmọ rẹ̀ kò bá tíì mọ̀wé kà dáadáa kó yáa dáhùn kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Tíṣà kan á máa pè é lójoojúmọ́ láti kọ́ ọ, ṣùgbọ́n àyè ogún péré ló wà.

"Ọjọ́ wo nìyẹn wá?" ni Aránbàtà bi í. Màmá sọ fún un. Ọjọ́ àwòrán ilé ni. Ó rántí pé pupa ni ọmọ kun òrùlé náà. Màmá bá wọn dáhùn lójú ẹsẹ̀, èsì sì dé kíákíá pé àyè ti kún.

"Ẹ gbé ọmọ wá sí ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn lọ́la," ni Màmá Taípù wí. "Ẹ̀yin náà, ẹ jókòó tì í. Ẹ ò sì ní kan hámà láago méjì."

Báyìí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Màmá jókòó lókè, ó fi pẹ́ńsùlù ńlá kọ ọ́ sẹ́yìn kàlẹ́ńdà àtijọ́. Bàbá àti ọmọ wà nísàlẹ̀, wọ́n ń na ọrùn. B, a, ba. B, i, bi. Màmá le, kò sì mọ ẹ̀tàn. "Bàbá, ẹnu lẹ fi ń kà á, ẹ fojú kà á!" Orí tó gba ogún bàtà tó jọra kò gba lẹ́tà mẹ́ta. B àti d, ojú kan náà ló fi ń wò wọ́n. Ọmọ yára jù ú lọ, ṣùgbọ́n ojú ń tì í, ohùn rẹ̀ kì í sì jáde bí ẹnikẹ́ni bá ń gun àtẹ̀gùn kọjá.

Ọjọ́ kejìdínlógún ẹ̀kọ́ náà ni ọmọkùnrin Màmá wá fi mọ́tò gbé e lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀, nítorí ikọ́ ti mú un. Kó tó wọ mọ́tò, Màmá ju ìyókù kàlẹ́ńdà náà sílẹ̀. "Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ síbẹ̀! Ẹ má dúró o!"

Ṣùgbọ́n ta ló máa pe èyí tí wọn ò tíì kọ́? Ọmọ ṣí abala tó kàn. "Bàbá, kí ni wọ́n ń pe èyí?"

"Mi ò mọ̀."

"Èyí ńkọ́?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n, ìyá mi."

Aránbàtà ká ìwé náà, ó bọ́ sí títì. Ó na án sókè sí gbogbo ẹni tó ń kọjá. "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n ń pe èyí?" Àwọn kan rò pé alágbe ni, wọ́n sọdá. Obìnrin kan fi ọwọ́ bo ẹnu, ó sáré. Ọkùnrin kan ní, "Àgbà bíi tiyín!" Ó rìn láti òpin títì kan dé òpin èkejì, oòrùn ń pa á, omi ojú ń dà nínú aṣọ tó fi bo imú. Agbálẹ̀ kan ló fi ọwọ́ ìgbálẹ̀ tọ́ka sí i láti òdìkejì.

"G àti b nìyẹn, wọ́n so wọ́n pọ̀! Gbà! Gbé! Gbọ́!"

"Ẹ ṣeun o!" Ó sì ń sọ ọ́ títí dé ilé kó má baà bọ́ sọnù: gbà, gbé, gbọ́, gbà, gbé, gbọ́.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni ìyàwó rẹ̀ pè, tó ní kí ọmọ ka nǹkan díẹ̀ fóun gbọ́. Bàbá gba fóònù, ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Ipò kẹẹ̀ẹ́dógún ló máa ń gbà," ni ìyàwó sọ. "Máàkì ni mo ń wò. Mi ò ní kó kà á fún mi rí, kódà lẹ́ẹ̀kan." Ó bú sẹ́kún níbẹ̀, láàárín àwọn arúgbó ẹni ẹlẹ́ni, kò sì sí ohun tí ọkọ lè ṣe fún un.

Oṣù márùn-ún ni ilé-ìwé fi wà ní títì kí wọ́n tó ṣí i. Ìyá ọmọ kò tíì lè jáde. Aránbàtà mú ọmọ lọ, wọ́n tò sẹ́yìn àwọn òbí yòókù, ìgbésẹ̀ méjì-méjì láàárín ara wọn. Ọ̀gá ilé-ìwé jókòó sídìí tábìlì níta.

"Kíláàsì karùn-ún," ni ọ̀gá wí. "Gbogbo ọmọ ló ń gòkè. Àṣẹ láti òkè ni."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, kò mọ̀wé kà."

"Mi ò gbọ́ yín, Bàbá. Ẹ sọ̀rọ̀ sókè."

Wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ tábìlì. Ó wẹ̀yìn, ó rí àwọn èèyàn, ó rí oníbàárà rẹ̀ mẹ́ta. Ó wo ọmọ.

"Mo ní kò mọ̀wé kà! Èmi náà ò mọ̀ ọ́n! Ẹ má gbé e gòkè, ẹ dákun! Ẹ kọ́ ọ!"

Gbogbo ìlà yíjú wò wọ́n. Ọmọ tẹjú mọ́lẹ̀ bí ẹni pé kí ilẹ̀ lanu. Ọ̀gá bọ́ awò ojú, ó ní kí wọ́n mú un lọ sí kíláàsì kejì. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà ibẹ̀, orí rẹ̀ yọ sókè láàárín àwọn ọmọ kékeré. Kò wẹ̀yìn wo bàbá rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́rin ni ọmọ kò fi bá a sọ̀rọ̀. Á dé, á jẹun, á kọjú sí ògiri. Aránbàtà ń rán bàtà, ọkàn rẹ̀ ń sọ fún un pé ó ti dójú ti ọmọ lójú ayé, pé ì bá ti pa ẹnu mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ karùn-ún, ọmọ wá dúró tì í.

"Ìyá Àgbà ni wọ́n ń pè mí. Ẹ̀yin lẹ fà á."

"Èmi ni. Má bínú."

"Mò ń bínú."

"Ó dáa. Máa bínú. Ṣé wàá lọ lọ́la?"

Ọmọ lọ sídìí ibùsùn, ó gbé sálúbàtà ilé-ìwé rẹ̀ wá. Okùn ọ̀kan ti já. Ó gbé e lé bàbá rẹ̀ lẹ́sẹ̀.

"Ẹ bá mi rán an kó tó di àárọ̀," ó wí, ó sì padà lọ jókòó síbi ògiri.