Ìṣó Àkọ́kọ́ Lára Ògiri

Nígbà tí à ń wí yìí, aránṣọ ṣì wà láyé. Ìyá tó ń ta bọ́tìnnì ní ìkángun òpópónà ṣì wà, ojú rẹ̀ sì ṣì ríran dáadáa. Ológbò àwọn ará òkè pàápàá ṣì wà, olè paraku tí kì í gbọ́ ìlékúrò. Bàbá Onílé nìkan ló ti lọ, òun ló sì dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀.

Ilé rẹ̀ ni aránṣọ àti ìyàwó rẹ̀ ti háyà láti ìgbà tí irun orí àwọn méjèèjì ṣì dú bí èédú. Bàbá Onílé kì í ṣe ènìyàn líle, ṣùgbọ́n ó ní èèwọ̀ kan: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kan ìṣó mọ́ ògiri òun. “Ògiri tí a bá lù, kì í gbàgbé,” ni í máa wí. Nítorí náà, orí àga ni tépù tí aránṣọ fi ń wọn aṣọ ń sùn. Àwòrán ìgbéyàwó wọn sì dúró nílẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀rọ ìránṣọ, bí ọmọ tí wọ́n fìyà jẹ ní ilé ìwé.

Nígbà tí Bàbá Onílé kú, ọmọ rẹ̀ obìnrin ní òun máa ta ilé náà, àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ sì ni òun máa kọ́kọ́ fi lọ̀. Àwọn ọmọ aránṣọ ti dáwó jọ. Owó kọ́ ni ìṣòro. Àyà bàbá wọn ni ìṣòro. Á rán ṣòkòtò dé ìdajì, á dúró, á máa mí bí ẹni tó gun òkè. Ohun kan ṣoṣo ló ń lé kiri: kí ilé yẹn di ti ìyàwó rẹ̀ kí òun tó lọ, kí ẹnikẹ́ni má baà ní kó kó ẹrù rẹ̀ síta lọ́jọ́ ogbó. Ìyàwó mọ̀. Kò sọ ọ́ jáde.

Ìyàwó yìí, Kí-ló-dé ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí ìbéèrè kì í tán lẹ́nu rẹ̀.

“Lọ́yà ọmọ onílé, oníbàárà mi ni,” ni aránṣọ wí. “Èmi ni mò ń rán kóòtù fún un. Ẹ jẹ́ kó bá àwa náà ṣe é, kó lè yá.”

“Kí ló dé, Bàbá wa? Ẹni tó ń bá wọn tà, ṣé òun náà ló máa bá wa rà?”

Bí wọ́n ṣe lọ wá lọ́yà tiwọn nìyẹn, ọmọbìnrin kan tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà lókè ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń tún bàtà ṣe. “Ẹ ní sùúrù” kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, aránṣọ sì ti sọ ọ́ ní Sùúrù kí wọ́n tó jókòó tán.

“Ọmọ mi,” ni Kí-ló-dé bẹ̀rẹ̀, “ṣé ẹnì kan ò lè ṣe é fún ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà?”

“Rárá, mà. Ẹnu kan kì í fọn fèrè méjì. Ẹ ní sùúrù, ó máa pẹ́ díẹ̀.”

“Kí lẹ wá ń wá kiri, tí ẹ ní ó máa pẹ́?”

“Mò ń wá bóyá ẹni tó ń tà á ló ni ín lóòótọ́. Bóyá wọ́n ti fi í dúró fún gbèsè ní bánkì. Bóyá ẹlòmíì lẹ́tọ̀ọ́ láti máa gba àgbàlá yín kọjá. Bóyá ìjọba fẹ́ la títì gba inú yàrá yín.”

“Ẹ̀n-ẹ́n!” ni aránṣọ wí. “Ká sùn, ká jí, ká bá mọ́tò lórí bẹ́ẹ̀dì!”

Sùúrù rẹ́rìn-ín, ó ní, “Orúkọ ta la máa kọ sínú ìwé ilé?”

“Tirẹ̀ nìkan.” Aránṣọ nawọ́ sí ìyàwó rẹ̀.

“Kí ló dé? Ibo lẹ̀ ń lọ?”

Sùúrù wo ọ̀kan, ó wo èkejì, ó sì rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

“Ẹ lè kọ orúkọ ẹ̀yin méjèèjì, sà. Ẹ lè pín in, kí kálukú ní ìpín tirẹ̀, kó fi í sílẹ̀ fún ẹni tó bá wù ú. Tàbí kẹ́ ẹ jọ ni gbogbo ẹ̀, bí aṣọ ìbora tí ẹni méjì jọ bò. Bí ẹnì kan bá dìde, a kì í gé aṣọ. Ara ẹni tó kù ni gbogbo ẹ̀ ń wà.”

“Látọjọ́ tí mo ti ń gé aṣọ,” ni aránṣọ wí, “èyí nìkan ni mi ò ní gé.”

“Wọ́n sì máa ń fa gbogbo ẹ̀ mọ́ra lóru, ọmọ mi,” ni Kí-ló-dé wí. “Òtútù á fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí!”

Ó pẹ́ lóòótọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn, tí wọ́n san àsansílẹ̀, inú aránṣọ dùn jù. Nínú iṣẹ́ tirẹ̀, ẹni tó bá ti san àsansílẹ̀ lórí aṣọ ló laṣọ. Ẹlòmíì kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́ wò. Ó yá òòlù lọ́wọ́ ẹni tó ń tún bàtà ṣe, ó délé, ó kan ìṣó mọ́ ògiri pàlọ̀, ó sì fi tépù rẹ̀ kọ́. Kí-ló-dé fóònù Sùúrù.

“Kò tíì di tiyín o, mà! Ọjọ́ tí owó bá pé, tí kọ́kọ́rọ́ bá dọ́wọ́ yín, ló tó di tiyín. Ẹ má tíì fọwọ́ kan ògiri ẹnikẹ́ni.”

“Tí a bá ti fọwọ́ kàn án ńkọ́?”

“Ṣé ọwọ́ ni, mà, àbí òòlù?”

Lọ́jọ́ kejì ni ọmọ onílé ń bọ̀ wá wo ilé baba rẹ̀ kẹ́yìn. Bó bá bínú, bó bá fa kọ́kọ́rọ́ sẹ́yìn, àyà aránṣọ kò ní dúró dè é. Kí-ló-dé tú tépù sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìṣó kọ̀, kò yọ. Nígbà tí àlejò wọlé, Kí-ló-dé fẹ̀yìn ti ògiri gbọnin-gbọnin, ó fi gèlè orí rẹ̀ bo ìṣó.

“Ẹ jókòó, mà,” ni ọmọ onílé wí.

“Mo ti ń jókòó láti àárọ̀, ọmọ mi. Ìdí ń ro mí.”

Ni aránṣọ bá húkọ́ nínú yàrá, ikọ́ burúkú tó gùn. Kí-ló-dé gbàgbé ìṣó, ó gbàgbé àlejò, ó sáré wọlé. Orí rẹ̀ lọ, gèlè rẹ̀ kò tẹ̀ lé e.

Ọmọ onílé wo gèlè tó rọ̀ sára ògiri. Ó wò ó títí.

“Ta ló kan ìṣó yìí?”

“Èmi ni o!” ni aránṣọ ké láti yàrá. “Ìyàwó mi ò mọ̀ nípa òòlù!”

Ọmọ onílé bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, omi náà kò sì tètè dá. “Ìyá mi fẹ́ gbé dígí kọ́ síbí títí wọ́n fi kú,” ó wí. “Bàbá ò gbà.” Ó mú gèlè, ó gbé e wọ yàrá, ó rí bí aránṣọ ṣe ń mí. Ibẹ̀ ló ti fóònù lọ́yà tirẹ̀: “Ohun tó bá kù kẹ́ ẹ ṣe, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yára ṣe é.”

Nígbà tí owó pé, Sùúrù fúnra rẹ̀ ló gbé kọ́kọ́rọ́ wá. Aránṣọ fi í sí àtẹ́lẹwọ́ ìyàwó rẹ̀, ó sì pa ìka rẹ̀ dé mọ́ ọn.

“Kí-ló-dé, bi mí ní ìbéèrè kan.”

“Kí ni kí n bi yín?”

“Bi mí bóyá tìẹ ni.”

“Ṣé tèmi ni?”

“Tìẹ ni.”

Lẹ́yìn náà, ó kan ìṣó kejì fún àwòrán ìgbéyàwó. Àwòrán náà wọ́ díẹ̀. Wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n jọ gbé inú ilé wọn títí òjò ọdún yẹn fi dá, tí òtútù dé.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí aránṣọ lọ, òtútù kò mú Kí-ló-dé rárá. Ó jí, ó sì rí i pé gbogbo aṣọ ìbora wà lára òun.